Ìpàdé Àdúrà ní Ilé Opó Ọkùnrin

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀kà ni ìyàwó mi. Ìjọ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà níbẹ̀ ni mo bá a lọ nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó. Òun ló mọ gbogbo ènìyàn. Bí ìsìn bá parí, yóò máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá di Bíbélì àwa méjèèjì mú.

Nígbà tó kú, ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé wọ́n fẹ́ràn èmi náà ni, àbí òun nìkan? N kò fi ìbínú bèèrè. Mo kàn fẹ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni, kí n kúkú padà sí Ìkàrẹ́.

Ìpàdé àdúrà wa, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, máa ń lọ láti ilé dé ilé, onílé ni yóò sì se oúnjẹ. Mo rí i pé wọ́n fo ilé mi. Nígbà tí wọ́n tún yípo, wọ́n tún fò ó. Mo lọ bá bàbá tó ń darí ìpàdé náà.

"Bàbá, ilé mi ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "A kò fẹ́ ni ọ́ lára ni. Ta ni yóò se oúnjẹ?"

"Èmi."

Ó rò pé mò ń ṣeré.

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, mo se ẹ̀bẹ iṣu. Ó pẹ́ tí mo ti ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò dúró ti ẹni tó ń sè é rí. Wọ́n wá, wọ́n kún pálọ̀. Wọ́n ní kí n ka Bíbélì. Mo ti dàgbà kí n tó lọ sí ilé ìwé, díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń kà. Kò sẹ́ni tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi.

Ìyá àgbà kan, tó máa ń jókòó ti ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ tọ́ ẹ̀bẹ náà wò.

"Àna wa, ṣé iyọ̀ ti wọ́n ní Ìkàrẹ́ ni?"

"Ẹ fi ti iyọ̀ sílẹ̀," bàbá wí, "ata yìí fẹ́ pa mí!"

Ẹ̀rín gba ilé kan. Síbẹ̀ wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Mo sin ìyá náà dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ṣé nítorí ìyàwó mi lẹ ṣe wá?"

Ó dúró. "Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́ ló jẹ́ ká máa fo ilé rẹ. A rò pé o kò fẹ́ rí wa mọ́ ni. Àwa náà ń bi ara wa bóyá o fẹ́ràn wa, àbí ọmọ wa nìkan."



"Ilé mi ló kàn," ìyá náà tún wí. "Tètè wá, wá bá mi bẹ iṣu."

Mo tètè lọ. Ó gbé ọ̀bẹ fún mi, ó sì bi mí pé irú ènìyàn wo ni ìyá mi ní Ìkàrẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí ní Ọ̀kà. Mo ń sọ ọ́ fún un títí iṣu fi jinná.