Ọ̀rọ̀ Ìyá sí Àlàó, Ẹni Tó Ń Pààrọ̀ Táǹkì Ọkọ̀ ní Ìsọlọ̀

Àlàó, ó di gbére. Èmi ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀wé. Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo sì ti ní kó má fi tirẹ̀ kún un. Mi ò tíì sunkún. Ara mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́ jù.

Iṣẹ́ rẹ ni mo mọ̀, òun ni mo máa sọ. Nígbà tí owó epo dé, tí gbogbo Ìsọlọ̀ ń ra ọkọ̀ tuntun, àwọn píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó ni wọ́n ń wọ́ wá bá ọ, èyí tí táǹkì rẹ̀ ti dípẹtà, tí páìpù rẹ̀ ń kán epo sílẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn á fi ọṣẹ dí ibi tó ń jò. Ìwọ á ní, "Ọṣẹ wà fún ìwẹ̀." O á tú gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, o á fi tuntun sí i.

Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ ni mo ti ń sun bọ̀ọ̀lì. Bí o bá fẹ́ tú táǹkì, o á ní, "Ìyá, ẹ pa iná yín." Mo á ní iná yìí ni mo fi tọ́ ọ. O á ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ mi. Ẹ pa á." Bí mo bá lọ́ra, o á da omi lé e, tòun ti bọ̀ọ̀lì. Mo á bú ọ títí. O á lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn wá fún mi.

Píkọ́ọ̀pù tìrẹ lo tú kẹ́yìn, kí àìsàn tó dá ọ dùbúlẹ̀. O ní o fẹ́ fi gbé mi lọ sílé ní Ìkirun. Ìwọ ló máa gbé lọ báyìí.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn máa háyà ọkọ̀ òkú. Mo ní rárá, ọkọ̀ tí ọmọ mi fi òógùn rẹ̀ rà ni yóò gbé e délé. Wọ́n ní mò ń ṣagídí. Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Ṣèyí, ọ̀rẹ́ rẹ, wá láti Òṣòdì. Ó gbé táǹkì tuntun tí o rà sílẹ̀ sí i, ó na páìpù tuntun. Ó fẹ́ fi páìpù àtijọ́ kan sílẹ̀, ó ní ó ṣì dára. Mo ní, "Àlàó kì í fi í sílẹ̀." Ó yọ ọ́.

Ní tiwa, ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ lọ sí sàréè. Mi ò ní dé Ìkirun. Nígbà tí Bàbá Ṣèyí parí, mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ ra abẹ́ ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi gbẹ. Mo gbóòórùn rẹ̀, kò sí òórùn epo.

Yóò gbé ọ délé. Má wẹ̀yìn wò mí. Sùn re o, ọmọ mi.