Àkàrà Òyìnbó Tí Kò Rí Iná

Ogún ọdún ni Fọlákẹ́, ìyá Hamdalah, fi yan àkàrà òyìnbó ní Òkè-Odò, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí gáàsì ti bú gbàmù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò ṣá ìṣáná mọ́. Ọdún kan rèé. Iná náà jó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì pa Olúwadárasími, ọmọṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dárà. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé Dárà ló gbàgbé gáàsì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Fọlákẹ́ gbọ́, ó dákẹ́. Òkú kì í kúkú jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọdún pé, ó mú fóònù, ó wá fídíò tí Dárà fi ránṣẹ́ sí i nígbà ayé rẹ̀: àkàrà òyìnbó tí wọn kì í yan, tí wọ́n fi ṣíìsì, ìyẹn wàrà dídì, àti tíì aláwọ̀ ewé ṣe. Ó gún bísíkíìtì kúnná, ó da bọ́tà tí oòrùn ti yọ́ sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí abọ́. Omi gbígbóná tó fi po tíì, inú fíláàsì aládùúgbò ló ti bù ú. Ó lu wàrà pọ̀ mọ́ ṣúgà, ó da tíì sí i. Ọwọ́ tó ti jóná kò lágbára mọ́. Ó ń lù ú, ó ń sinmi. Nígbà tó gbé e sí fíríìjì, ó jókòó tì í, ó bú sẹ́kún. Ṣé kò ju báyìí náà lọ? Ohun tó rọrùn tó báyìí ló fi du ọmọ ọlọ́mọ!

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ó gbé e lọ sílé Ìyá Dárà. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá Dárà, ẹ kú ìrántí o. Àkàrà tí Dárà fẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn rèé."

"Ẹ ṣeun, Ìyá Hamdalah. Ẹ jókòó jàre."

Fọlákẹ́ kò jókòó.

"Dárà kọ́ ló gbàgbé gáàsì o. Èmi ni. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo ní kò tó nǹkan. Ó ní ká má tan iná, ká ṣe èyí tí wọn kì í yan. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní àkàrà tí kò rí iná, ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Èmi ni mo ní kó lọ ṣáná."

Àkàrà tú sépo, ọdún kan lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kó tú.

Ìyá Dárà kò pariwo. Ó wo àkàrà náà títí, ó wo ọwọ́ Fọlákẹ́. Ó fi ọmọrí dé abọ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́ padà.

"Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bá ọmọ mi jà nínú sàréè. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé, 'Dárà, kí ló dé tí o ò ṣọ́ra?' Ẹ gbé àkàrà yín, Ìyá Hamdalah. Ẹ lọ fi iná sí i."

Fọlákẹ́ gba títì padà sílé. Oòrùn ṣì mú. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà, àkàrà náà ti yọ́, ó ń gba etí ọmọrí kán sórí àpá iná ọwọ́ rẹ̀.