Ọjọ́ Tí Àpáta Di Ti Ignace

Inú ilé onílé ni Ignace ti dàgbà, inú ilé onílé ló ti gbéyàwó, inú ilé onílé náà ló ti ń tún alùpùpù ṣe ní Dassa. Onílé kan lé e nítorí ariwo ẹ̀rọ, òmíràn lé e nítorí pé ọmọ onílé fẹ́ gbéyàwó. Nítorí náà, nígbà tí òun àti Claudia ìyàwó rẹ̀ ra ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, tí ìjọba sì fún un ní ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní “titre foncier”, ńṣe ló ń gbé ìwé náà kiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

Ilẹ̀ náà dára, àfi pé àpáta pẹlẹbẹ kan gba nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Orí àpáta yìí ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń sá ẹ̀gẹ́ láti ayé ìyá ìyá wọn. Ìyá Estelle, aṣíwájú wọn, kò tilẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti ta ilẹ̀ náà. Ó bá Ignace níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì kí i bí àlejò.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ ń wá?”

“N kò wá ẹnikẹ́ni, ìyá. Èmi ni mo ni ibí.”

“Ibí wo?”

Ignace na ọwọ́ yí ilẹ̀ náà ká, ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ àpáta. “Gbogbo rẹ̀. Àti èyí.”

Ìyá Estelle wo àpáta, ó wo Ignace. “Ilẹ̀ lẹ rà. Ta ló bí ẹni tó lè ta àpáta?”

“Ìwé wà lọ́wọ́ mi.”

“Àpáta kò mọ̀wé,” ni ìyá náà wí, ó sì ń tú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ.

Ohun tó dun Ignace jù ni pé kò sí ẹni tó bá a jà. Wọ́n kàn ń kí i, wọ́n sì ń sá ẹ̀gẹ́ wọn. Ó ní òun kò ní wá di ayálégbé lórí ilẹ̀ ara òun. Claudia ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé àpáta kì í jẹ, kì í mu. Kò gbọ́. Ó kọ́ ilé sí ìdajì kejì, ó mọ ògiri yí gbogbo rẹ̀ ká, ó fi ilẹ̀kùn onírin kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Àwọn obìnrin bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n kó ẹ̀gẹ́ wọn lọ sẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí eruku ọkọ̀ ti ń kùn ún ní pupa. Ignace rí i, inú rẹ̀ kò sì dùn tó bó ṣe rò.

Ìgbà náà ni òjò dé. Tẹ́lẹ̀, omi orí àpáta máa ń ṣàn díẹ̀ síhìn-ín, díẹ̀ sọ́hùn-ún. Ní báyìí tí ògiri ti dí i, ó kóra jọ, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn onírin jáde, ó sì wọ bùtíkì Bàṣírátù, tó ń ta ìyẹ̀fun àti ṣúgà nísàlẹ̀, láìkágò.

Bàṣírátù wá tòun ti ìborùn tó tutù rinrin. Ó kúnlẹ̀ kí Ignace dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ni àpáta.”

“Èmi ni,” ni Ignace wí. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan gbà níkẹyìn.

“Tiyín ni pátápátá?”

“Ìwé wà níbẹ̀.”

“Alihamudulilahi. Ẹ wá wo ohun tí àpáta yín fi ṣúgà mi ṣe.”

Àwọn méjèèjì gba ọ̀dọ̀ Narcisse lọ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ignace ní Ọlọ́run ló rọ òjò, kì í ṣe òun.

“Òótọ́ ni,” ni Narcisse wí. “Omi tó bá ń ṣàn fúnra rẹ̀ láti òkè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ ògiri tó kó o jọ. Ìwé yín sọ pé ilẹ̀ jẹ́ tiyín, Monsieur Ignace. Kò ní kí ẹ da ìyà rẹ̀ sílé ẹlòmíràn. Ẹ wó ògiri níbi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀.”

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn obìnrin ń gbà gun àpáta. Ọkàn Ignace kò balẹ̀. “Wọ́n á wọlé. Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní tàwọn ni.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tọrọ àyè. Ẹni tó ń tọrọ àyè ti gbà pé ti ẹlòmíràn ni.”

Ìyẹn tẹ́ Ignace lọ́rùn. Ó wó ògiri, ó tu Bàṣírátù lójú, ó sì ránṣẹ́ sí Ìyá Estelle pé kí wọ́n padà wá, bí wọ́n bá ti lè máa tọrọ àyè.

Wọ́n tọrọ ọ́. Àkùkọ kò tíì kọ tán tí Ìyá Estelle fi kan ilẹ̀kùn: “Onílẹ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ sá ẹ̀gẹ́.” Ignace ní kó máa sá a. Kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ tí Amandine, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, fi dé, ó ní òun fẹ́ yí ẹ̀gẹ́ tòun padà. Ẹlòmíràn wá tọrọ àyè láti lé ewúrẹ́. Kí Ignace tó rí bàtà rẹ̀, ewúrẹ́ ti yó. Nígbà tí òjò ṣú, gbogbo wọn tò síwájú ilé láti tọrọ àyè kí wọ́n lè kó ẹ̀gẹ́ wọn. Wọ́n kúnlẹ̀, ojú wọn le koko.

Claudia ló dúró lẹ́yìn wọn, igbá lọ́wọ́.

“Kí ni ìwọ ń ṣe níbẹ̀?” ni Ignace bi í.

“Mo wá tọrọ àyè.”

“Ṣebí ìyàwó mi ni ọ́.”

“Mo mọ̀. Orúkọ rẹ nìkan ni mo rí nínú ìwé.”

Ẹ̀rín tí àwọn obìnrin ti ń gbé mì láti àárọ̀ bá bú jáde. Ignace ò rẹ́rìn-ín. Iṣu tí Claudia ń rù lọ tà lọ́jà Glazoué ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ilẹ̀ náà tán. Ojú tì í, ó sì bá wọn kó ẹ̀gẹ́ kí òjò tó dé.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tó fi mú ìwé ìgbéyàwó wọn tọ Narcisse lọ, pé kí wọ́n bá òun fi orúkọ Claudia sí ìwé ilẹ̀ náà.

“Ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?” ni Narcisse bi í.

“Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.”

Nígbà tí orúkọ náà jáde, Claudia pe àwọn obìnrin jọ, ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí wọ́n máa tọrọ àyè, lẹ́yìn ìrìn-àjò mímọ́ tí àwọn Kátólíìkì ń rìn lọ sí Arigbo, pẹ̀lú abọ́ láfún kan. Kò sọ fún Ignace. Ẹnu Bàṣírátù ni Ignace ti gbọ́ ọ nígbà tó lọ ra ọṣẹ. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó gba ọṣẹ rẹ̀, ó sì lọ fọ epo ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́.