Ọ̀rọ̀ Ìyá Aránṣọ Níwájú Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n

Gangare ní ìlú Jos ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí bàbá mi, akọ̀wé rélùwéè tó wá láti Iléṣà, háyà fún ọdún pípẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo wọ yunifásítì láti gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo èdè. Bàbá mi rò pé Faransé ni mo fẹ́ lọ kọ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé Yorùbá àdúgbò wa ni mo fẹ́ wádìí, àti Hausa tí à ń dà mọ́ ọn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń gboyè nítorí ìyẹn náà? Gbogbo Gangare ló yẹ kó di ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà náà."

Ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ni mo gbé iṣẹ́ mi lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Jos débi pé àwọn aládùúgbò máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Hausa ló fi ń lálàá. Ó gbà mí láyè láti gbé téèpù agbohùnsílẹ̀ tí mo yá sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí rèé. Bí ìyá bá ń wọn aṣọ fún ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀, Yorùbá ló ń sọ. Bí ewúrẹ́ bá yà wọ ṣọ́ọ̀bù, èébú Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé ni yóò fi lé e jáde. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá wá gba aṣọ tí kò tíì rán, Yorùbá á sá lọ.

"Don Allah, ẹ má bínú. Gobe."

Gobe ni ọ̀la lédè Hausa. Bí ìyá bá sọ pé "ọ̀la," aṣọ á jáde lọ́la. Bó bá sọ pé "gobe," kí oníbàárà yáa lọ wá aṣọ mìíràn wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Mo fi odindi orí kan nínú ìwé mi ṣàlàyé rẹ̀ pé ìyá kò ka ìlérí tó bá fi èdè ẹlòmíràn ṣe mọ́ ìlérí ara rẹ̀. Orí yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé nígbà náà. Ó ka orí náà, ó mi orí.

"Irú ìwádìí tí kò ní òǹkà yìí, ẹni tó sọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i ká tó mọ̀ pé ojúlówó ni. Padà lọ kà á fún ìyá náà."

Mo padà lọ. Mo ka ọ̀rọ̀ ìyá sí i létí, gẹ́gẹ́ bí téèpù ṣe gbà á. Ó dá ẹsẹ̀ maṣíìnì dúró.

"Haba! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi kọ́! Wallahi, èmi kì í da Hausa mọ́ Yorùbá mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí fa!"

Mo ròyìn fún olùkọ́ mi. Ó ní iṣẹ́ ti bàjẹ́, ẹni tó lọ̀rọ̀ ti sẹ́ ẹ.

"Ṣùgbọ́n, sà, Hausa ló fi sẹ́ ẹ: haba, wallahi, fa."

"Ìyẹn dára. Kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, lọ kà á fún un kó jẹ́rìí sí i."

N kò lọ. Bí mo bá lọ, ìyá á sẹ́ pé òun sẹ́, èmi á kọ ìyẹn náà, a ó sì wà lẹ́nu ẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Ọjọ́ tí mo dúró níwájú ìgbìmọ̀ olùdánwò, ọ̀yẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa ló là. Ọ̀gá kan tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Aránṣọ mélòó lo wádìí?"

"Ẹyọ kan, sà."

"Ẹyọ kan!" Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ inú ìkòkò ọbẹ̀. "Aránṣọ tó kún àdúgbò Angwan Rogo nìkan ńkọ́? Báwo la ṣe mọ̀ pé bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń purọ́?"

Mo ní kì í ṣe gbogbo aránṣọ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, pé ńṣe ni mo fẹ́ wo ọ̀rọ̀ ẹnì kan jinlẹ̀.

"Jinlẹ̀ tó báwo? Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

Olùkọ́ mi dá sí i pé kò nílò ìwọ̀n, ẹ̀rí ló nílò. Onímọ̀ ìṣirò ní ẹ̀rí wo, èyí tí ìyá sẹ́? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà lórí ohun tó ń jẹ́ ìwádìí tó dára, wọ́n gbàgbé pé mo wà lórí ìdúró, títí wọ́n fi gbé tíì wọlé.

Ìgbà náà ni olùdánwò tí wọ́n pè wá láti yunifásítì mìíràn, obìnrin àgbà kan tí kò tíì sọ nǹkan kan, ṣí ìwé mi.

"Nígbà tí ìyá bá ń sọ pé gobe, kí ló ń wò?"

"N kò mọ̀, mà. Téèpù ni mò ń wò, kó má baà dúró."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n n kò rí i."

Nínú gbogbo ìbéèrè ọjọ́ náà, ìyẹn nìkan ló wọ̀ mí lára. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu bà á. Wọ́n ní mo yege, ṣùgbọ́n kí n fi tábìlì òǹkà kan kún un. Mo ṣe é. Iye aránṣọ: ẹyọ kan. Iye tó ń fi Hausa ṣèlérí: ẹyọ kan. Ìdá: ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Onímọ̀ ìṣirò fọwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ṣé o rí i? Ó ti wá di ìwádìí báyìí."

Lẹ́yìn tí wọ́n ti di ìwé náà tán, mo lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìyá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lọ́wọ́ òfo. Ọkùnrin kan wá béèrè ṣòkòtò rẹ̀. Ìyá ní gobe. Kò wo ojú ọkùnrin náà rárá. Aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀ ló ń wò, ó ń fi ìka wá etí aṣọ náà bí ẹni tó wà nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ràn yòò lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, ó na abẹ́rẹ́ kan sí mi.

"Bá mi ki òwú bọ̀ ọ́, ọmọ mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ojú yìí ò ríran mọ́."

Mo gba abẹ́rẹ́. Mo ki òwú bọ̀ ọ́, mo sì bá a ki àwọn tó kù náà, gbogbo èyí tó wà nínú agolo rẹ̀, kí oníbàárà mìíràn tó dé.