Àrẹ̀mọ Kò Bá Ọba Lọ

Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Fort Washington, ní Amẹ́ríkà níbí, kò fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ. Kò sọ pé rárá. Ó kàn ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la ni. Nígbà tí mo bi í léèrè lórí fóònù, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n tó bá jókòó níwájú mi, 'bẹ́ẹ̀ ni, sà' nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́?"

Amẹ́ríkà ni wọ́n bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sí. Ará Ìbàdàn ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n ń gbé ní Lake Arbor. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń tiro.

Ọmọbìnrin náà ló dá ọgbọ́n kan. Bàbá rẹ̀ ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì láti yunifásítì. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ní ọpọ́n eré àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Japan, ṣẹ́ẹ̀sì ńlá tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ta láti ayébáyé. Ọmọbìnrin náà ní kí àwọn méjèèjì jọ ta á ní ọ̀sán Sátidé. Ó pe èmi náà: "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Tí ẹ bá wà níbẹ̀, Dádì ò ní le jù." Mo bá kó sínú sún kẹ̀rẹ̀ fà kẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ láti Laurel tí mò ń gbé, títí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọpọ́n náà gba gbogbo tábìlì. Ojú méjìlá lóròó, méjìlá ní ìbú. Ọmọ ayò mẹ́rìndínláàádọ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Igi pẹlẹbẹ ni wọ́n, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Ibi tí ṣóńṣó wọn bá kọjú sí lo fi ń mọ ẹni tó ni wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti lẹ bébà mọ́ wọn, ó kọ orúkọ Yorùbá sí i: Kìnnìún, Àmọ̀tẹ́kùn, Ẹkùn Afọ́jú, Erin Ọ̀mùtí.

Ọ̀rẹ́ mi mú erin náà. "Ọ̀mùtí kẹ̀? Nínú ilé ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tó bá dé ilẹ̀ ọ̀tá, a máa yí i padà. Ó máa di Àrẹ̀mọ."

"Ọ̀mùtí di Àrẹ̀mọ! Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ láàfin rí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣàlàyé òfin yòókù. Èyí tí wọ́n bá pa kì í padà wá. Kìnnìún lè rìn lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ó lè pa ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó sì padà sí àyè rẹ̀. "Ẹni tó bá sì ní Àrẹ̀mọ, sà, ó ti ní ọba méjì. Ẹ gbọ́dọ̀ pa méjèèjì."

"Hẹn," ni ọ̀rẹ́ mi wí, ṣùgbọ́n Kìnnìún ló ń wò.

Ó gbádùn Kìnnìún yẹn bí ẹni tó ra mọ́tò tuntun. "Ó tún jẹun! Ó jẹun tán, ó padà sílé!" Ọmọ náà kàn ń ti erin rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé òdìkejì. Ó yí i padà. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Àrẹ̀mọ, káàbọ̀ o," kò sì tún wò ó mọ́.

Kò pẹ́ ni Kìnnìún fò wọlé, ó pa Ọba ọmọ náà. Ọ̀rẹ́ mi gbá tábìlì. "Ó tán!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo Àrẹ̀mọ rẹ̀. "Ẹ kú oríire, sà."

"Dádì, kò tíì tán," ni ọmọbìnrin náà wí. "Àrẹ̀mọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

"Àrẹ̀mọ wo? Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Láyé àtijọ́, tí Ọba bá wàjà, Àrẹ̀mọ á bá a lọ ni. Wọn kì í bi í léèrè."

"Eré Japan lẹ̀ ń ta, ẹ ò sí ní Ọ̀yọ́!"

"Ṣé ìwọ lò ń ta á ni?" Ó kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ìwọ lo ni eré. Ó tán àbí kò tán?"

Ẹni tó wá fẹ́ ọmọ kì í já àna rẹ̀ nírọ́ nínú pálọ̀ àna. Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́lẹ̀.

"Kò tíì tán, sà." Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin náà kéré. "Àrẹ̀mọ mi ò bá Ọba lọ. Ẹ má bínú, sà, èmi ló kàn."

"Kí lo wá ń kí mi kú oríire sí?"

"Mọ́mì mi ní n ò gbọdọ̀ bá yín jiyàn. Wọ́n tún pè mí nínú mọ́tò láti rán mi létí."

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fajú ro, kò ṣeé ṣe. "Mọ́mì ẹ ò ta ayò rí? Nídìí ayò, ọ̀ta tó ń pani àti ọ̀pẹ tí wọ́n ń pa ló wà, kò sí àna níbẹ̀. Ta á, jàre!" Ó wá yí sí mi: "Wọ́n ti pa àṣà Àrẹ̀mọ yẹn rẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Mo kàn fẹ́ kó tán síbẹ̀ ni."

Láti ìgbà náà ni ọmọ náà ti lanu sọ̀rọ̀. "Kìnnìún yín ti yó, sà. Oorun ń kùn ún."

"Ọ̀pẹ! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kìnnìún ni, sà. Ẹ̀yin kọ́."

Ọ̀rẹ́ mi lé Àrẹ̀mọ yẹn kiri, kò bá a. Nígbà tó máa fi wẹ̀yìn, Ọba tirẹ̀ ò ríbi sá sí mọ́. Ó fi ìka ti Ọba náà kúrò lórí ọpọ́n.

"Sọ fún bàbá ẹ kó pè mí," ó ní. "Ká mú ọjọ́ tí wọ́n máa wá tọrọ ọmọ."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èjìká rẹ̀ sì gbá tábìlì. Kìnnìún, Àmọ̀tẹ́kùn, gbogbo wọn dà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Rọra o," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Mi ò tíì gbà pé o pa mí láyò."