Ilé Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Ní Kí Wọ́n Wó

Òórùn epo ẹ́ńjìnnì kì í kúrò lára ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá mi. Bó ti wù kí màámi fọ̀ ọ́ tó, òórùn ọ̀hún á ṣì wà níbẹ̀. Bàbá mi ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń fa iyanrìn jáde ní etí odò Ògùn, lẹ́yìn Máìlì Túẹ́ẹ̀fù, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti ń wa iyanrìn láti ayé àwọn òyìnbó. Mi ò tíì wọ ilé ìwé nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó o lọ tà ní Òwódé Onírin. Ohun tó kù lára ilé ẹ́ńjìnnì náà kò ju ògiri mẹ́ta lọ, bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó sì nípọn débi pé èèyàn lè na ara lé e lórí kó sùn. Òrùlé ti lọ, igi ọ̀pọ̀tọ́ sì ti hù láàárín ilé.

Iṣẹ́ lọ, bàbá mi kò lọ. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, á mú àdá àti ìgbálẹ̀, á gba ibẹ̀ lọ. Á ṣán koríko, á gbá ẹ̀yìn ògiri títí ilẹ̀ á fi máa dán, lẹ́yìn náà á jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà wálé. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Bàbá Ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì bọ́ lórí rẹ̀. Èmi ọmọbìnrin rẹ̀ máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí nítorí rẹ̀, ká má parọ́.

Nígbà tó yá, tí fóònù alágbèéká dé, mo jókòó sábẹ́ agboòrùn ní Kétu, àwọn èèyàn ń fi fóònù mi pe èèyàn wọn, mo sì ń ta káàdì. Ọjà náà ń lọ dáadáa. Kò pẹ́ tí mo fi gbà pé èmi ni olórí ilé wa. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àkísà nígbà tí aṣọ tuntun wà lọ́rùn?

Ohun tó ń dà wá láàmú ni omi. Bí òjò bá ti pọ̀, odò á kún, á wọ ọgbà wa, á sì wọ yàrá. Màámi á to ìkòkò àti àpótí aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, òun á jókòó sórí tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń ṣe ni pé kí wọ́n wá àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n fi kún ọgbà kí ilẹ̀ lè ga. Mo bá wò ó pé àfọ́kù wo ló tún ju ilé ẹ́ńjìnnì lọ? Mo sọ fún bàbá mi.

“Má fọwọ́ kan ibẹ̀,” ni wọ́n wí.

“Kí ló dé, Daddy? Kò sẹ́ni tó ń lò ó.”

“Mo ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀.”

Wọn ò sọ ìdí. Mo rò ó sí agídí àgbà.

Lọ́dún náà, bàbá mi lọ sí abúlé wa lápá Ìjẹ̀bú fún ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Mo lọ bá àwọn ọmọ onílẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó bíríkì yẹn. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní àwọn ti ta ilẹ̀ náà fún ẹnì kan tó fẹ́ máa gbé tírélà síbẹ̀, ògiri yẹn ló ń dí i lọ́wọ́, torí wíwó rẹ̀ le. Wọ́n ní kí n máa kó o lọ, Ọlọ́run á sì bù kún mi. Mo kó lébìrà lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi òòlù wó ilé náà. Típà kó bíríkì wá sílé wa, a tẹ́ ẹ káàkiri ọgbà, màámi ò bi mí níbi tí mo ti rí i, wọ́n kàn ń gbàdúrà fún mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹni tó ra ilẹ̀ mú katapílà wá, ó hú igi ọ̀pọ̀tọ́, ó yí ilẹ̀ ibẹ̀ po, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Mo ń retí kí bàbá mi dé, kí wọ́n yìn mí. Wọ́n dé lọ́sàn-án, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rí bíríkì pupa nínú ọgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n rọra fi í sílẹ̀. Wọ́n yí padà, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ. Mo tẹ̀ lé wọn, mo ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn pé, “Daddy, ilé tí kì í ṣe tiyín! Ṣé kí omi máa gbé Mummy lọ ni?” Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí wọn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Wọ́n á rìn síwájú, wọ́n á dúró, wọ́n á padà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Wọ́n ń ka iye ẹsẹ̀ náà sẹ́nu.

Àbúrò bàbá mi ló là mí lójú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀.

“O mọ̀ pé o ní ẹ̀gbọ́n kó o tó dé?”

Mo mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó kú, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa.

“Èmi ni mo sin ín. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni. Ibi tí omi ò ní dé ni mo wá. Mi ò sọ fún dádì ẹ, wọn kì í fi ibojì ọmọ han òbí. Àmọ́ ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ láràárọ̀, ṣé kò ní rí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ni? Dádì ẹ ò bi mí rí. Èmi náà ò sọ rí.” Ó nu ojú. “Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti kọ̀rọ̀ ògiri ni bàbá mi ń wọn ẹsẹ̀ dé ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, mo sì ti kó ògiri lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà débi tí mo fi bì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, “Dìde. O ò mọ̀.” Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Láti Sátidé yẹn, wọn ò jáde mọ́, orí bẹ́ńṣì ni wọ́n máa ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọn ò lò tó ọdún mẹ́rin sí i kí wọ́n tó kú.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin wọ́n, màámi wọ bàtà, wọ́n ní, “Mú mi lọ síbi tí dádì ẹ máa ń gbá.”

Ẹ̀rù bà mí. “Mummy, kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?”

“Ọkùnrin tí kò gbá yàrá rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, ẹ wá ní ó ń gbálẹ̀ níta lásán? Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Kò yẹ kí n mọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi í. Àmọ́ mo mọ̀ pé ẹnì kan ń tọ́jú ọmọ mi.”

A lọ. Tírélà ló kún ibẹ̀. Màámi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Ibo ni?” Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ohun kan tí mo lè dá mọ̀. Mo nawọ́ sí àárín tírélà méjì. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ náà lára, wọ́n ń sọ pé, “Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi, ọkọ mi. Pẹ̀lẹ́.”

Màámi ṣì wà láyé. Omi kì í wọ yàrá wọn mọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ní kí n mú àwọn lọ síbẹ̀, mo sì ń mú wọn lọ, ojú kan náà ni mo sì ń nawọ́ sí. Tí a bá ń padà bọ̀, wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣàánú mi bí mo ṣe fi ibẹ̀ han àwọn. Mo máa ń ṣe àmín.