Ọta Tó Ń Yà sí Òsì

Ẹni tí wọ́n ń pè ní Atamátàsé tí kò wá lè yin ìbọn ba ohun kankan mọ́, ẹ ò gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ti ń yin ẹ̀yin náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé ọwọ́ yín dùn lọ́bẹ̀, tí ọbẹ̀ wá ń jóná mọ́ yín lọ́wọ́ lójoojúmọ́, tí iná ò pọ̀, tí omi ò gbẹ, ẹ ó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tojú súni.

Iṣẹ́ jórin-jórin ni ọkùnrin náà ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: òrùlé páànù, ilẹ̀ tí eruku irin ti sọ di dúdú, géètì tí kò tíì parí tó fẹ̀yìn ti ògiri, àti awò dúdú tó fi ń bojú nígbà tí iná bá ń ta pàrà. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ọdẹ ló máa ń lọ. Ìbọn tó ń lò, ti bàbá rẹ̀ ni. Ọta kan ṣoṣo ló ń yọ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe irú èyí tó ń fọ́n ọta káàkiri bí ẹni ń fọ́n irúgbìn. Fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín, láti kékeré, lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú agolo òfìfo, nítorí bàbá rẹ̀ ti gbé ìbọn sílẹ̀ nígbà yẹn.

Ohun tó mú bàbá gbé e sílẹ̀ rèé. Ó ní ajá kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn aládùúgbò ń sọ pé ajá yẹn ni bàbá bí, ọmọ ló gbà tọ́. Lọ́jọ́ kan nínú igbó, ó fojú sun ọ̀yà kan, ó yin ìbọn, ajá tó wà lápá ọ̀tún ọ̀yà náà ló ṣubú. Ó gbé òkú ajá wálé ní àyà, ó ní ojú òun ti lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹni tí kò lè dá ọ̀yà mọ̀ yàtọ̀ sí ajá ara rẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ fi ojú ṣe? Láti ọjọ́ náà ni kò ti gun kẹ̀kẹ́ mọ́, kò sì dá títì kọjá mọ́. Bó bá fẹ́ jáde, á na ọwọ́ síwájú kí ẹnìkan wá fà á. Ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà kò ju ti Atamátàsé báyìí lọ.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìbọn àtijọ́ náà dákẹ́. Irin inú rẹ̀ kan ló ṣẹ́, ẹni tó ń tún ìbọn ṣe sì ní irú rẹ̀ ò sí mọ́, àfi kí wọ́n lọ jí àwọn tó ṣe é dìde ní itẹ́ òkú. Ni Atamátàsé bá gba ìwé àṣẹ, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn. Yàrá tóóró ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ onírin, òórùn òróró gba gbogbo ibẹ̀ kan, ìbọn sì tò sára ògiri bí àwọn ọmọ iléèwé lórí ìlà.

Oníbọn gbé ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ fún un. "Ẹ gbé e lé èjìká, ẹ wò ó bóyá ó bá yín mu."

Atamátàsé gbé e. Ìbọn náà fúyẹ́, igi ìdí rẹ̀ ń dán, ó bá a lára mu bí ẹni pé wọ́n wọn èjìká rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ ti ń dùn kí oníbọn tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọrùn ń dùn yín ni?"

"Ọrùn wo?"

"Mo rí i pé ẹ ń gbé orí yà díẹ̀ ni."

"Àbúrò, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń yìnbọn. Bá mi di ọjà mi."

Oníbọn di ọjà. Ta ni yóò torí ọrùn ọlọ́rùn lé oníbàárà lọ?

Lọ́jọ́ kejì, ó mú àbúrò ìyàwó rẹ̀ dání, ó di ibi kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti pa tì. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni àbúrò ìyàwó yìí ń ṣe, Pẹ́ńtà ni gbogbo ayé sì ń pè é. Ní ti ìbọn, kò yìnbọn ba nǹkan kan rí ju ilẹ̀ lọ. Wọ́n gbé páálí ti òkúta, Pẹ́ńtà fi búrọ́ọ̀ṣì ya àmì dúdú róbótó sí àárín rẹ̀. Atamátàsé dọ̀bálẹ̀, ó sé èémí, ó yìn ín.

"Ó bà á?"

Pẹ́ńtà sáré lọ wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ó ba páálí."

"Mo mọ̀ pé ó ba páálí! Àmì ńkọ́?"

"Àmì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Apá òsì ni ọta gbà. Ó tún yìn ín, òsì. Ó ní atẹ́gùn ni, ṣùgbọ́n ewé kankan ò mì níbẹ̀. Ó ní oòrùn ni, ó yí fìlà rẹ̀ bojú, òsì náà ni. Ó ní ọta yẹn ò dáa, ó já páálí ọta mìíràn, ọta mìíràn náà sì gba ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà. Ó wo ìbọn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo Pẹ́ńtà bí ẹni pé òun ló ń fẹ́ ọta dà nù.

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà fọwọ́ kàn án," ni Pẹ́ńtà wí.

Ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ lé láti inú ilé, ó pa ojú kan dé gbágbá, ó yìn ín. Àárín àmì dúdú gan-an ni ọta gbà! Aláǹgbá tó já látorí ìrókò, tó ní bí ẹnìkan ò yin òun, òun á yin ara òun, kò yin ara rẹ̀ tó Pẹ́ńtà lọ́jọ́ yẹn. Kò dákẹ́ títí wọ́n fi délé. 

Ó gbé ìbọn padà lọ bá oníbọn, ó ní wọ́n ta ìbọn wíwọ́ fún òun. Oníbọn mú un lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti máa ń dán ọjà wò, ó gbé ìbọn náà, ó yìn ín lójú rẹ̀. Ọta wọ àárín. Ó tún yìn ín, ó wọ àárín.

"Ẹ̀gbọ́n," ni oníbọn rọra wí, "ìbọn yìí ò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn o."

Bí ìbọn ò bá lẹ́ṣẹ̀, ta ló kù? Orí Atamátàsé dàrú pátápátá. Ó délé, ó dúró síbi tó jìnnà sí kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ka àwọn lẹ́tà wẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kà á tán láìṣì. Ó rí èèrà lára àjà. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ó ki òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tó rí ihò abẹ́rẹ́ kò wá rí páálí! Irú ojú wo nìyẹn? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ibì kan náà ló ń já sí: báyìí ni ti bàbá òun ṣe bẹ̀rẹ̀. Iná irin ti jẹ ojú òun láìjẹ́ kí òun mọ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Bí ojú bá lọ, iṣẹ́ lọ, bí iṣẹ́ bá sì lọ, òun náà á jókòó ti bàbá òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì á máa na ọwọ́ síwájú, ta ni yóò wá fa ta? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún iṣẹ́. Àwọn tó ni géètì wá títí, ó ní irin ò tíì dé, irin sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọnrangandan.

Ìyàwó rẹ̀ ló bá páálí náà nínú ohun tó fẹ́ dáná sun. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìránṣọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí aṣọ tó fẹ́ gé.

"Ta ló gún àwọn ihò wọ̀nyí?"

"Èmi ni. Ẹ̀tẹ́ mi nìyẹn. Jù ú síná."

"Mi ò jù ú síbì kankan. Ẹ wá wò ó ná. Yàtọ̀ sí ọ̀kan tó wà láàárín, gbogbo wọn ló ṣù jọ sójú kan, àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé bò wọ́n."

"Lápá òsì!"

"Mo rí i pé apá òsì ni, mi ò fọ́jú." Ó rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dun ọkọ rẹ̀, ó yára rọ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ gbọ́. Ọmọṣẹ́ tí ojú ń yọ lẹ́nu, tó bá ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á gba ibí, á gba ọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí ojú rírán rẹ̀ bá gún régé, tó kàn jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń yà sí ní gbogbo ìgbà, mi ò ní sọ̀rọ̀ ojú sí i. Ẹ̀rọ tó fi kọ́ṣẹ́ ni n ó lọ yẹ̀ wò."

Atamátàsé tún tẹjú mọ́ àwọn ihò náà. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé ìbọn bàbá rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọkùnrin yìí, kò sí páìpù tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ gbé sókè, kó di ojú kan, kó fi ìkejì wo inú rẹ̀ bóyá ó tọ́. Ìbọn nìkan ni kò wò bẹ́ẹ̀ rí. Ìfọ́tí ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní kékeré pé a kì í fojú wo ẹnu ìbọn, ìbáà jẹ́ òfìfo. Ó gbà á gbọ́, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó tú irin tó sé ìdí ìbọn kúrò, ó rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó sì yọjú láti ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ òdì kejì ò róbótó. Ó gbé ọ̀pá ìbọn náà ti irin gígún kan, àlàfo wà láàárín wọn. Ó tẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ báyìí, ohun tí ẹni tí kì í ṣe jórin-jórin kò lè fura sí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀tún ni ìbọn yìí ti ń ju ọta sí látọjọ́ yìí wá. Òun tí kò ní olùkọ́ wá ń bá a ṣe é lọ́mọdé, ó ń gbé orí yà, ó ń fojú sun òsì agolo láìmọ̀, títí ọwọ́ fi gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìbọn tó tọ́ dé, ọwọ́ tó wọ́ ló bá.

"Ojú mi ò ṣe nǹkan kan!" Ó fò sókè, ó gbá ìyàwó rẹ̀ mú, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kó má ya aṣọ oníbàárà mọ́ òun lára. Àfi bí ó ṣe tú u sílẹ̀ lójijì. Apá ọ̀tún ọ̀yà ni Tanímọ̀la, ajá bàbá, wà lọ́jọ́ náà.

Bàbá wà lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ kúnlẹ̀ tì í, ó ṣàlàyé, ó mú ọwọ́ rẹ̀ lé ọ̀pá ìbọn kí ó fọwọ́ mọ̀ ọ́n. Bàbá fọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ, ó fọwọ́ tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Kẹ̀kẹ́ ni," ló wí.

"Kẹ̀kẹ́ wo, Bàbá?"

"Mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú Tanímọ̀la. Ìbọn wà lẹ́yìn mi, èmi àti ẹ̀ la jọ lọ sínú gọ́tà. Mo yẹ orúnkún mi wò. Mi ò yẹ ìbọn wò." Ó dá ìbọn náà padà fún ọmọ rẹ̀. "Gbé mi lọ síbi tí ẹ ti ń yin tuntun."

Wọ́n fà á lọ́wọ́ dé ibi òkúta náà. Ó gba ìbọn tuntun, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi rẹ̀ gbọọrọ, orí rẹ̀ ò yà síbì kankan. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Níbo ni páálí wà?"

"Iwájú yín gan-an ni, Bàbá."

"Mi ò rí i."

Ọ̀rọ̀ tún tojú sú Atamátàsé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú bàbá rẹ̀ dáadáa ni, ó rí i pé ẹyinjú ti funfun bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Ogbó ti dé. Ṣé ojú yẹn ò bàjẹ́ nígbà tí bàbá ní ó bàjẹ́, ó wá bàjẹ́ nígbà tí gbogbo wọn jókòó dè é?

"Ìwọ, yìn ín," ni bàbá wí.

Ó gbé e. Orí fẹ́ yà, ó kọ̀ fún un. Ọwọ́ ń fa òsì, ó ń bá a jà. Ohun tó rí sì dà bí irọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yìn ín bó ṣe rí i.

"Ó bà á?"

"Ó bà á, Bàbá. Àárín gan-an."

Bàbá mi orí. "Mo ríran lọ́jọ́ náà," ló wí. "Mo rí ọ̀yà yẹn dáadáa, títí dé irun ẹnu ẹ̀. Èmi tí mo rí i, èmi náà ni mo ní mi ò rí i."

Omi ń dà lójú rẹ̀. Atamátàsé na ọwọ́ sí i kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá rọra gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Nígbà tí mo ń ríran kedere, mo fún yín lọ́wọ́ kí ẹ máa fà mí. Báyìí tí mi ò ríran, ẹ jẹ́ kí n dá rìn."

Ó gbé ẹsẹ̀ sáàárín òkúta, ó kọsẹ̀, ó dúró, ó tún gbé ẹsẹ̀. Atamátàsé ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, kò mọ̀ bóyá kí òun dì í mú ni àbí kí òun fi í sílẹ̀.